Ewé Tí Barter Fi Sílẹ̀

Láti Kabba, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Lọ́kọ́já, níbi tí Odò Ọya ti pàdé Benue. Níbẹ̀ ni Charles Barter ti já ewé. Òun àti Dókítà Baikie ni wọ́n jọ wá ní 1857. Ọkọ̀ wọn fọ́ nítòsí Jẹ́bà. Barter kò torí ìyẹn padà sílé o! Ó ń fi bébà tẹ ewé, ó ń sá a gbẹ, ó ń fi í ránṣẹ́ sí Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní Rabba ní 1859. Àwọn ewé náà ṣì wà ní Kew. Wọ́n tilẹ̀ sọ igi kan ní Barteria.

Irú ilé ewé bẹ́ẹ̀ wà ní Jericho, n'Ìbàdàn. Ewé ibẹ̀ ju 100,000 lọ. Mo fẹ́ kí àwọn àgbà Kabba dé ibẹ̀, kí wọ́n pe ewé ilẹ̀ wọn lórúkọ, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Látìn.