Ìṣíjibò Oòrùn àti Òṣùpá: Ẹni Tí Ó Mọ Ọjọ́ àti Ẹni Tí Kò Mọ̀ Ọ́n

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọ̀sán ti ń dòru lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí òṣùpá sì ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀run. Yàtọ̀ sí ojú tí ó lè bàjẹ́ bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ oòrùn láìfi nǹkan dáàbò bò ó, òkùnkùn yìí kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ohun tí ẹni tí ó mọ̀ fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe, àti ohun tí ẹni tí kò mọ̀ fi ìbẹ̀rù rẹ̀ ṣe. Ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta yóò fi èyí hàn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an.

Ayé ń yí oòrùn po, òṣùpá sì ń yí ayé po. Bí òṣùpá bá bọ́ sí àárín oòrùn àti ayé, òjìji rẹ̀ a bo apá kan ilé ayé. Èyí ni ìṣíjibò oòrùn, ìgbà tí oṣù kan parí tí òmíràn kò tíì lé nìkan ni ó sì lè wáyé. Bí ó bá jẹ́ ayé ni ó bọ́ sí àárín, òjìji ayé ni yóò bo òṣùpá. Èyí ni ìṣíjibò òṣùpá, kì í sì í ṣẹlẹ̀ àfi ní òru tí òṣùpá bá kún. Ìmọ́lẹ̀ pupa tí ó gba inú afẹ́fẹ́ ayé kọjá ni ó máa ń mú kí òṣùpá pọ́n nígbà náà.

Kí ló dé tí kì í fi í ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù? Ìdí ni pé ọ̀nà tí òṣùpá ń tọ̀ fì ní nǹkan bí dígírì 5 sí ọ̀nà ti ayé, nítorí náà òjìji sábà máa ń gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, ìrìn wọn ní ètò. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ ti ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn ọdún 18 àti nǹkan bí ọjọ́ 11, irú ìṣíjibò kan náà a tún padà wá. Èyí tí ó wáyé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006 padà wá ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Mẹ́síkò, Amẹ́ríkà àti Kánádà ni ó gbà kọjá ní ìgbà kejì. Ohun tí ó ní ètò ṣeé ṣírò, ẹni tí ó bá sì lè ṣírò rẹ̀ yóò mọ ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kìíní wáyé ní erékùṣù Jàmáíkà. Ní ọdún 1503, àwọn ọkọ̀ ojú omi Christopher Columbus bàjẹ́, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì há síbẹ̀. Àwọn Taíno, onílẹ̀, ni wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí ó sú wọn, oúnjẹ dínkù. Columbus ní ìwé ìṣirò kan lọ́wọ́, iṣẹ́ Regiomontanus ará Jámánì, tí ó fi hàn pé ìṣíjibò òṣùpá yóò wáyé ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1504. Ó pe àwọn olóyè wọn jọ, ó ní Ọlọ́run ń bínú sí wọn, àmì ìbínú náà yóò sì hàn lójú òṣùpá. Ferdinand ọmọ rẹ̀, tí ó bá a rin ìrìn àjò náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí òṣùpá ṣókùnkùn, àwọn ènìyàn náà bú sẹ́kún, wọ́n sì kó oúnjẹ wá. Irọ́ ni Columbus fi ìmọ̀ tòótọ́ pa, kí ó lè fi jẹ gàba lórí àwọn tí ó ti ń bọ́ ọ.

Ìkejì wáyé nílùú Maiduguri, ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2001. Òṣùpá ṣókùnkùn lóru, àwọn ọ̀dọ́ kan sì gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ìlú ni ó fà á. Wọ́n dáná sun àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sìn Islam fúnra rẹ̀ kò kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oòrùn ṣókùnkùn ní ọjọ́ tí Ibrahim, ọmọ Ànábì Muhammad, kú, tí àwọn ènìyàn ń so ọ̀ràn méjèèjì pọ̀, Ànábì sọ fún wọn pé oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Ìrun ni ó ní kí wọ́n kí.

Ìkẹta ni ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006. Òjìji òṣùpá gba Gáná, Tógò àti Benin wọ apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba àpapọ̀ ti kéde ọjọ́ náà ṣáájú, wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí ó fà á, kí irú ti Maiduguri má bàa tún ṣẹlẹ̀. Ní Gáná, àwọn ènìyàn ra awò tí wọ́n ṣe fún wíwo oòrùn, ọmọdé àti àgbà sì jáde wò ó. Òkùnkùn ṣú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ìmọ́lẹ̀ padà, oníkálukú sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ tí a fi pa mọ́ ni ti Jàmáíkà, èyí tí kò dé etí ará ìlú ni ti Maiduguri, èyí tí a pín fún gbogbo ènìyàn ni ti ọdún 2006. Pínpín rẹ̀ kò sì wọ́n. Olùkọ́ tí ó ní tọ́ọ̀ṣì, ọsàn kan àti orógbó kan lè fi tọ́ọ̀ṣì ṣe oòrùn, kí ó fi ọsàn ṣe ayé, kí ó sì fi orógbó ṣe òṣùpá, nínú kíláàsì tí a ti fèrèsé rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé orógbó yẹn kọjá níwájú iná, ta ni yóò tún fi òkùnkùn ojú ọ̀run dẹ́rù bà á?