Ipò 20 lórí yìnyín

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn díẹ̀. Níbí ní Abúlé Adó, yìnyín tá a mọ̀ ò ju èyí tí wọ́n fi ń mú pure water tutù lọ. Síbẹ̀, ní February 2018, Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Pyeongchang, Kòríà Gúúsù.

2/ Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Seun Adigun. Eré ìje tí wọ́n ti ń fo igi ló sá fún wa ní London ní 2012. Nígbà tó yá, ó yí sí bobsled: ọkọ̀ tí èèyàn méjì máa sáré tì, tí wọ́n á bẹ́ sínú ẹ̀, táá máa yọ̀ lọ lórí yìnyín.

3/ Kò sí yìnyín, kò sí ọkọ̀. Ló bá kan pákó pọ̀ nínú gáréèjì ní Houston, ó sọ ọ́ ní Maeflower. Òun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga wá bẹ ará ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún 75,000 dọ́là. Àwọn ni ikọ̀ bobsled àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó dé Òlíńpíìkì.

4/ Simidele Adeagbo náà lọ fún skeleton: wàá dojú bolẹ̀ sórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ, orí láá ṣíwájú.

5/ Èsì ńkọ́? Skeleton, ipò 20 nínú 20. Bobsled, ipò 20 nínú 20. Àwọn kan ní ìtìjú ni. Àwọn kan ní, "Ọmọ òkè òkun ni wọ́n jàre, wọn kì í ṣe tiwa."

6/ Tiwa kẹ̀? Festac tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí, torí kí ni wọ́n ṣe kọ́ ọ? Torí FESTAC '77, kí aláwọ̀ dúdú tó ń bọ̀ láti gbogbo ayé lè ríbi sùn. Àwa ará ibí kọ́ ló yẹ kó máa bi Seun pé níbo ni wọ́n bí i sí.

7/ Ìtìjú ńkọ́? 1952 la kọ́kọ́ lọ Òlíńpíìkì, ní Helsinki. Ọwọ́ òfo la bọ̀. Ó di 1964 kí Nojeem Maiyegun tó fi ẹ̀ṣẹ́ gba idẹ ní Tokyo. Ó di 1996 kí Chioma Ajunwa tó fò gba wúrà ní Atlanta. Ọdún 44!

8/ Tó bá jẹ́ ìtìjú lẹ ń wá, ẹ má wá a sí ipò 20. Ẹ wá a síbi tí ẹni tó máa gbé àsíá wa ti ń tọrọ owó ọkọ̀.

9/ Ní 2022, Samuel Ikpefan lọ ṣe skiing fún wa ní Beijing. Ọ̀nà ti là. Ta ló kàn?