Olówò, Aṣòfin àti Adájọ́: Àyẹ̀wò Ìṣàkóso Ètò Tẹlifóònù ní Nàìjíríà láti Ọdún 1985

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: ta ni ó yẹ kí ó máa ṣe ìdájọ́ láàrin ẹni tí ó ń ta ìpè tẹlifóònù àti ẹni tí ó ń rà á?

Ní oṣù kìíní ọdún 1985, ìjọba àpapọ̀ da ẹ̀ka tẹlifóònù P&T pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ NET tí ó ń bójú tó ìpè òkè òkun. Èyí ni ó di NITEL. Ìjọba ni ó ni ọjà, ìjọba ni ó ń gbé ìlànà kalẹ̀, òun náà ni ó ń gbọ́ ẹ̀sùn. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Títí di ọdún 2001, ìlà tẹlifóònù gbogbo Nàìjíríà kò tó 1,000,000, bẹ́ẹ̀ ènìyàn inú rẹ̀ ti ju 100,000,000 lọ.

Òfin 75 ti ọdún 1992 ni ó dá àjọ NCC sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2001, àjọ yìí ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù 285 owó dọ́là. Nígbà tí Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìpè títà lábẹ́ agbòòrùn di òwò ní Mushin, Yaba àti Surulere. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré sanwó ìṣẹ́jú kan gbáko. Ní ọdún 2003, Globacom dé pẹ̀lú ìṣirò ìṣẹ́jú-àáyá, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e.

Ọdún 2003 yìí kan náà ni òfin tuntun pààlà sáàrin iṣẹ́ méjèèjì: mínísítà ni yóò máa gbé ìlànà gbogboogbò kalẹ̀, NCC ni yóò máa fúnni ní ìwé àṣẹ, tí yóò máa fọwọ́ sí iye owó ìpè, tí yóò sì máa parí aáwọ̀. Abala 25 pa á láṣẹ fún mínísítà pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òmìnira àjọ náà yingin.

Ṣùgbọ́n ààlà yìí tín-ín-rín. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, lẹ́yìn ìpàdé tí mínísítà pè, NCC pàṣẹ pé kí wọ́n ti ìlà tí kò bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN pa. Èrò wọ́ lọ sí àwọn ibùdó ìforúkọsílẹ̀ ní Èkó, nígbà tí àrùn Kòrónà ṣì ń jà.

Ní àkótán, òfin lè pààlà lórí ìwé. Ìwà àwọn aláṣẹ ni yóò fi hàn bóyá ààlà wà lóòótọ́. Bí ààlà náà bá parẹ́, ẹni tí ó ń ra káàdì ìpè ní Mushin ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.