Láti Ààfin dé Alágbàká: Ọ̀nà Oúnjẹ Oníṣẹ́-Ọnà ní Oǹdó àti Àkúrẹ́

Ní ọjọ́ Sátidé, iṣẹ́ ọnà kì í wá owó tì ní ìlú Oǹdó àti ní Àkúrẹ́. Onílù ń gbowó, alága ìdúró àti alága ìjókòó ń gbowó, ayàwòrán àti ẹni tí ó ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ náà ń gbowó. Bí ó bá di Mọ́ńdè, ẹni tí ó gboyè nínú orin, eré oníṣe tàbí ọnà yíyà yóò gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká láti béèrè bóyá àyè iṣẹ́ ṣí sílẹ̀. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwùjọ kò ka iṣẹ́ ọnà sí mọ́. Ìtàn agbègbè yìí kò ti àlàyé náà lẹ́yìn. Ohun tí ó fi hàn ni pé ilé ẹ̀kọ́ gba iṣẹ́ ìkọ́ni lọ́wọ́ ọ̀gá, ṣùgbọ́n kò gba ojúṣe kejì tí ọ̀gá ń ṣe, ìyẹn ni fífa ọmọ iṣẹ́ lé àwọn oníbàárà lọ́wọ́.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tí ó kú ní 1938, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni a bí i sí, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́, lábẹ́ Arínjalẹ̀, nínú ẹkùn Oǹdó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń darí láti Àkúrẹ́. Ààfin kan ni ó ṣílẹ̀kùn èkejì fún un. Ògògà Ìkẹ́rẹ́ gbé iṣẹ́ fún un. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ sí ààfin náà ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ẹ, ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọba gbà dípò rẹ̀. Irú oníṣẹ́ báyìí kò nílò lẹ́tà ìwáṣẹ́.

Kì í ṣe ààfin nìkan. Lọ́dọ̀ aránṣọ, gbẹ́nàgbẹ́nà àti ayàwòrán, ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ parí máa ń ṣe fríídọ̀ọ̀mù. Àdúrà wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n pàtàkì rẹ̀ ni pé ọ̀gá ń sọ níwájú èrò pé ẹni yìí ti mọ iṣẹ́. Lára àwọn tí ó jókòó síbẹ̀ ni oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò ti jáde. Kò sí ìdí láti ṣe ètò yìí lọ́ṣọ̀ọ́: ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ sìn fún ọdún gbọọrọ láìgba kọ́bọ̀, àwọn ọ̀gá mìíràn sì rẹ́ wọn jẹ. Síbẹ̀, ó ní ìparí tí ó wọ inú ọjà.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ní Oǹdó, tí a dá sílẹ̀ ní 1963 tí a sì fi sọrí Kánọ́ọ̀nù M. C. Adéyẹmí, bá ìlànà mìíràn wá. Olùkọ́ ni a ní kí ó máa kọ́, nítorí náà oníbàárà kan pàtàkì ni ó wà lọ́kàn rẹ̀: ìjọba. Ètò náà ṣiṣẹ́ fún sáà kan. Nígbà tí Adékúnlé Ajáṣin di gómìnà ní 1979, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sọ ilé ẹ̀kọ́ girama di púpọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ tí a ṣẹ̀dá ní 1976, olùkọ́ ni ó wọ́n, kì í ṣe iṣẹ́. Àwọn ará Gánà pàápàá rí iṣẹ́ tíṣà ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá ní àkókò náà.

Ìṣọ́wó-ná àwọn ìjọba ológun àti ètò SAP ti 1986 ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èyí tí a kì í sábàá mẹ́nu bà ni àtúnṣe inú ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008: orin, eré oníṣe àti ọnà yíyà di ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní ìpele girama kékeré. Lórí ìwé, àtúntò lásán ni. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí owó ti wọ́n, ẹnì kan ti lè tó fún iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá a lọ láti mú akẹ́kọ̀ọ́ jáde.

Àkúrẹ́ ni ìrètí kejì, nítorí pé òun ni olú-ìlú. Ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèré ìjọba wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn Dome tí ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò kọ́ náà wà níbẹ̀. Àyè owó oṣù ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ẹni tí ó bá sì wọlé kì í tètè jáde. Owó Sátidé ń yí nínú gbọ̀ngàn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ó mọ ara wọn ni: olóyè onílù, ẹni tí ń ṣètò òde, ẹni tí ó bá ìdílé náà ṣe òkú ìyá wọn lọ́dún tó kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ń gbé kámẹ́rà tẹ̀lé ọ̀gá kan lọ sóde kí ó tó gboyè máa ń rí ojú rere níbẹ̀, nítorí ọ̀gá náà.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ti di yunifásítì báyìí. Ìdánrawò tí ó jẹ́ dandan fún ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ṣì ń wáyé nínú kíláàsì, níwájú pátákó ìkọ̀wé. Ẹni tí ó sì jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ tí ń fún un ní máàkì kì í ṣe ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ fún un.