Bàbátúndé Ọlátúnjí

Bàbátúndé Ọlátúnjí (7 Oṣù Kẹrin 1927 – 6 Oṣù Kẹrin 2003) jẹ́ onílù àti olùkọ́ ọmọ Nàìjíríà tó fi orin àti ìlù ìbílẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Àjídò, nítòsí Àgbádárìgì, ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn Ògù tí a tún ń pè ní Ègùn. Èdè Ògù àti Yorùbá ló gbọ́ dàgbà. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ó sì ti kú kí wọ́n tó bí i. Ìyá rẹ̀ ń mọ ìkòkò.

Ìlù kọ́ ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Ní 1950, òun àti mọ̀lẹ́bí rẹ̀ Akínṣọlá Akíwọwọ, tó padà di gbajúgbajà onímọ̀ nípa àwùjọ, wọ Morehouse College ní Atlanta. Lẹ́yìn tó parí ní 1954, ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso ìjọba ní New York University. Ẹgbẹ́ onílù tó dá sílẹ̀ kó lè rí owó fi kàwé ló wá di iṣẹ́ rẹ̀.

Drums of Passion

Ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo orin rẹ̀, Drums of Passion, jáde ní 1960. Kò sí gìtá, kò sí fèrè: ìlù, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn ènìyàn nìkan ni. Àwọn onílù bíi Chief Bey, Montego Joe àti Taiwo Duval ló bá a lu ìlù. Ẹgbẹ́ olórin Santana tún «Jin-go-lo-ba», orin kan nínú àwo náà, kọ ní 1969, ayé sì gbọ́ ọ. Ṣáájú ìyẹn, ní 1964, Serge Gainsbourg, olórin ará Faransé, ti fi orin mẹ́ta inú àwo náà ṣe tirẹ̀ láìdárúkọ ẹni tó ni ín.

Àwọn ìlù rẹ̀

Dùndún àti bàtá, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá kà sí olórí ìlù, kọ́ ni a fi mọ Ọlátúnjí. Ìlù àfọwọ́lù ló gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀: jẹ́ḿbé, tó jẹ́ ti àwọn Mandé, àti èyí tí wọ́n ń pè ní àṣíkò, tó fẹ̀ lórí tó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀. Awuyewuye wà lórí àṣíkò yìí. Àwọn kan kà á sí ìlù Yorùbá àtayébáyé. Ṣùgbọ́n àṣíkò tí a mọ̀ ní Èkó láyé àwọn òyìnbó amúnisìn jẹ́ orin ijó àwọn Kìrìsìtẹ́nì, ìlù onígun mẹ́rin bíi sámbà ni wọ́n sì ń lù sí i. Bóyá orúkọ náà ló ṣí láti orí orin sórí ìlù mìíràn, bóyá oríṣi méjì ló ti wà látilẹ̀, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹnu ló fi ń kọ́ni nílù. «Gun» àti «dun» ni ìró àárín awọ, «go» àti «do» ni ti etí rẹ̀, «pa» àti «ta» sì ni ti àbàrá; èkíní nínú méjì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún, èkejì ti òsì. Lọ́nà yìí, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ìlù rí lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú lọ́jọ́ kan náà.

Harlem àti lẹ́yìn rẹ̀

John Coltrane, olórin jáàsì tó ti pe orin kan ní «Tunji» ní 1962, ràn án lọ́wọ́ láti dá ilé-ẹ̀kọ́ àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Harlem. Níbẹ̀ ni Coltrane ti ṣe eré tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ní 23 Oṣù Kẹrin 1967. Ọlátúnjí wà nínú Planet Drum, àwo onílù Mickey Hart (1991), tó gba ẹ̀bùn Grammy. Àtọ̀gbẹ ló bá a jà títí tó fi kú ní Salinas, ní California. Ní 2004, ilé-ìkàwé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington fi Drums of Passion kún àwọn ohùn tí wọ́n ń tọ́jú fún orílẹ̀-èdè náà.