Ìbọn ní Apátí, Kò ní Apátí: Ẹ̀kọ́ Ìbọn Yíyìn ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, 'Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun?' Apátí ni irin kékeré tí ìka ń fà kí ìbọn tó ró. Bí ènìyàn bá lọ kọ́ bí a ti ń lo ìbọn ìléwọ́ ní Amẹ́ríkà lónìí, ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní tí yóò gbà kò ju òwe yìí lọ: ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀, má sì kọjú rẹ̀ sí ohun tí o kò fẹ́ pa. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 kò fàyè gba ará ìlú láti ní ìbọn ìléwọ́ láìgba ìyọ̀ǹda ìjọba àpapọ̀. Níbo wá ni àwọn baba wa ti kọ́ ìmọ̀ tó wà nínú òwe yìí?

Ìtàn náà kò ṣe é sọ kí a má dárúkọ Ìjẹ̀bú. Nítorí pé wọ́n súnmọ́ ọ̀sà, ìbọn àwọn Òyìnbó tètè dé ọwọ́ wọn. Nínú ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1820, Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921 pé Ìjẹ̀bú ní ìbọn, nígbà tí idà àti àdá ńlá ṣì jẹ́ ohun ìjà pàtàkì fún Òwu. Láti ìgbà náà ni ìbọn àti ẹ̀tù ti di ọjà tí ń mówó wọlé fún Ìjẹ̀bú. Àwọn ni wọ́n di ojú ọ̀nà mú láàrin etí òkun àti ìlú òkè.

Ìbọn ayé ìgbà náà ni ṣakabùlà. Kíkì rẹ̀ fúnra rẹ̀ iṣẹ́ ni: a ó da ẹ̀tù sí ẹnu rẹ̀, a ó fi ọ̀pá gún un kí ó le, ọta yóò sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ẹni tó yìn ín lọ́wọ́. Bí òjò bá pa ẹ̀tù, kò ní ró. Lẹ́sẹ̀ ọdẹ àgbà ni ọmọdé ti ń kọ́ èyí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú igbó.

Ṣùgbọ́n ìbọn kò dúró sójú kan. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1892, nígbà tí Adéṣimbọ̀ Tunwáṣe jẹ́ Awùjalẹ̀, Gómìnà Carter rán Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott láti Èkó gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìjẹ̀bú. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lé díẹ̀ ní 400. A fojú bu ti Ìjẹ̀bú sí 7,000 sí 10,000. Ìjẹ̀bú ní ṣakabùlà púpọ̀, wọ́n sì ní ìbọn Snider díẹ̀, èyí tí a ń kì láti ìdí. Àwọn ti Scott ní Maxim tí ń yìn léraléra, ìbọn òde òní sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn pọ̀, tí gbogbo wọn fi ń yìn lẹ́ẹ̀kan náà bí a bá ti pàṣẹ. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, a ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ní ọjọ́ kejì, Òyìnbó wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kú, òmìnira ìlú sì lọ.

Kì í ṣe ìgboyà ni Ìjẹ̀bú kò ní. Ìbọn tó fún wọn lágbára ní Òwu ti di ti àtijọ́, èyí tí wọ́n sì ra ní tuntun kò pọ̀ tó, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń fi kọ́ ogunlọ́gọ̀ ọmọ ogun. Ẹni tó ra ohun ìjà kò tíì ra ìmọ̀ rẹ̀.

Lónìí, bí ẹ bá lọ síbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ ó rí àwọn ọmọ ìdílé balógun lórí ẹṣin, tí ìbọn ń ró lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo ẹnu ìbọn náà dáadáa: ojú ọ̀run ni wọ́n kọ ọ́ sí. Òwe àwọn àgbà ṣì ń ṣiṣẹ́.