Ilé Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ní ọdún 1853 ni Ìjọ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, láti máa kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ àti oníwàásù. Ibi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ti ń kàwé; ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ìwà.

Ṣùgbọ́n ìjà ààlà àti owó-bodè bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, àwọn ènìyàn kó ẹrù inú ilé ìsìn, a sì lé àwọn oníwàásù Òyìnbó kúrò nílùú. Ìfọ́lé ni a ń pe ọ̀ràn náà títí di òní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ìjà àwọn àgbà, síbẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wọn ṣí lọ sí Èkó. Ní 1896 ó tún ṣí lọ sí Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti di St. Andrew's College. Kò padà sí Abẹ́òkúta mọ́.

Ní 1988 ni Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Ìgbẹ̀in, nínú ọgbà tí Abẹ́òkúta Grammar School ti lò rí, kí ó tó lọ sí Alábàtà. Ilé inú ọgbà kò gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́; ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń háyà yàrá lọ́wọ́ àwọn ará ìlú.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kíyèsí i: ìrẹ́pọ̀ ni òrùlé akẹ́kọ̀ọ́. Kí onílé má ṣe rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi ariwo òru dá onílé lágara. Bí ìlú àti ilé-ẹ̀kọ́ bá tú ká, ọmọ tí kò dá ìjà sílẹ̀ ni yóò kẹ́rù.